Iyọ̀ Inú Agolo Màmá Ògbà

A ti sin ìyá bàbá mi, a ti pín ìwé ètò ìsìnkú, àwọn àlejò ti padà sílé wọn. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà á rí i pé gbogbo ọmọ-ọmọ ló kọ nǹkan síbẹ̀, àfi èmi. Ojú ewé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ni ẹni tó tẹ̀wé fi àwòrán òdòdó dí. Àbúrò mi obìnrin pè mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀, ṣé ẹ ò rí nǹkan kan sọ nípa Màmá ni?"

Mo rí. Ohun tí mo rí sọ pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè sọ̀rọ̀ Màmá kí n má mẹ́nu ba agolo wọn, kò sì sí bí mo ṣe lè mẹ́nu ba agolo náà kí ojú má tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí, nígbà tí kò sí ẹni tó ń dúró dè é mọ́.

Màmá Ògbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, nítorí Ògbà ni ilé wọn wà. Èkìtì ni wọ́n ti wá, ohùn Èkìtì kò sì kúrò lẹ́nu wọn dọjọ́ ikú. Wọ́n kúrú, ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé àpò. Inú àpò náà ni agolo yẹn máa ń wà, agolo pẹlẹbẹ kan tó ti fìgbà kan jẹ́ ilé ìpara, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n fi awẹ́ rọ́bà inú táyà de ìdérí rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Má-dójú-tì-mí.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ohun tí ẹlòmíràn ń gbá dànù lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gún mọ́ ègé sílípáàsì tó ti gbó. Òwú dúdú wà, tí wọ́n wé mọ́ ẹ̀là òòyà. Píìnì wà, bọ́tìnì wà, ìdajì abẹ wà tí wọ́n fi ìwé kàlẹ́ńdà wé kó má baà géni lọ́wọ́. Wọ́n máa ń ki orí ìṣáná bọ inú àbẹ́là tó yọ́, kí omi òjò má baà rí i pa. Iyọ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀sọ̀ ṣe jù. Wọ́n á gé ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa mínírà, wọ́n á rọ iyọ̀ sí i, wọ́n á fi iná yọ́ ẹnu rẹ̀ pa ní ìhín àti lọ́hùn-ún. Wọ́n ní iyọ̀ ń fọ egbò, ó ń gbé ẹni tó rẹ̀ dìde, ó sì ń gba ọbẹ̀ àlejò là. Rọ́bà tó de ìdérí pàápàá kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí igi bá tutù, ẹ gé e díẹ̀, yóò jó nínú òjò.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. A ní, "Màmá, ṣé ogun ń bọ̀ ni?"

Wọn ò gbójú sókè nínú òwú tí wọ́n ń wé. "Ogun ti dé tipẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ pé inú rẹ̀ lẹ wà."

Bàbá mi kò fẹ́ràn agolo náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ní Aláúsá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ́ kí ìyá wọn máa gbé pọ́ọ̀sì bí ìyá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọjọ́ kan tí a mú Màmá lọ gba owó ní báǹkì, ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn, èyí tó máa ń ké bó bá gbọ́ òórùn irin, kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n wọ inú rẹ̀, ó ké. Wọ́n jáde, wọ́n tún wọ inú rẹ̀, ó tún ké. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń pòṣé.

"Màmá, ẹ ní irin lára," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí. "Ẹ kó fóònù sílẹ̀, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

"Mi ò ní fóònù. Agolo mi ni."

"Ẹ gbé agolo wá, màá bá yín tọ́jú ẹ̀."

"Ìwọ gan-an, ta ló ń bá ọ tọ́jú ara rẹ? Wo bọ́tìnì àyà rẹ tó ti já."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi rọra sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún un. Àwọn èèyàn mọ̀ mí níbí."

Màmá gbé àga oníke ẹ̀ṣọ́ náà, wọ́n gbé e sí abẹ́ igi tó wà níwájú báǹkì, wọ́n sì jókòó. Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin kan láti inú báǹkì gbé ìwé jáde wá bá wọn kí wọ́n tẹ̀ka sí i. Títí a fi délé ni bàbá mi ń ráhùn. Màmá ní, "Ẹni tó bá nílò mi, ó mọ̀ pé ìta ni mo wà."

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí agolo náà ti ṣẹ̀. Ní ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni Màmá ti ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Ìkẹjà. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gbá ìró obìnrin kan mú, ó sì fà á ya láti ìbàdí dé etí ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri, wọ́n ń wá píìnì, wọ́n ń wá abẹ́rẹ́, wọn ò rí. Aṣọ tó lè bo àdúgbò wà nílẹ̀ níbẹ̀, òwú kún gbogbo ilé, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹrù ilé iṣẹ́. Obìnrin náà di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú, ó gba iwájú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kọjá dé ẹnu géètì. Kò padà wá sí ibi iṣẹ́ mọ́.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Màmá kò gba òwe yẹn gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pa á lójú wọn, wọ́n á ní, "Ẹni tó pa á kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀sín ṣe é rán. Ikú ni kò ṣe é rán."

Wàyí o, ó kan ọ̀rọ̀ tí mo ń sá fún.

Gbogbo ìyàwó tó bá wọ ìdílé wa ni Màmá máa ń ṣe agolo tirẹ̀ fún. Wọn kì í fi lé e lọ́wọ́. Abẹ́ aṣọ inú àpótí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí, kó fúnra rẹ̀ rí i lọ́jọ́ tó bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ Mojísọ́lá, ohun tí wọ́n ṣe náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Mojísọ́lá ló kọ́kọ́ rí i. Ìyá rẹ̀ tó wá bá wa to ilé ni. Ìyá Ìjọ ni ìyá ìyàwó mi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Agége. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara yín sí ipò wọn. Agolo wà lábẹ́ aṣọ ọmọ yín, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣí i, ẹ bá abẹ́rẹ́, ẹ bá abẹ, ẹ bá òwú dúdú, ẹ bá nǹkan funfun tí wọ́n fi iná dí lẹ́nu. Ta ni kò ní pariwo Jésù?

Wọ́n gbé agolo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wá, Màmá àti bàbá mi pẹ̀lú, lọ́jọ́ Sátidé. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a wọlé. Agolo wà nílẹ̀ lórí aṣọ funfun, àbẹ́là yí i ká. Màmá kí gbogbo ilé. Wọ́n rí agolo, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni rí ẹni tó mọ̀ níbi àjèjì.

"Màmá, ẹ sọ fún wa," ni Ìyá Ìjọ wí. "Kí lẹ fi dè? Ṣé ilé ọmọ mi ni àbí orí rẹ̀?"

"Mi ò de ọmọ yín. Agolo ni mo dè, kó má baà dà nù."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

"Ẹ̀rín kọ́ la bá wá!" ni Ìyá Ìjọ wí. "Kí ni abẹ wà fún nínú ilé ìyàwó tuntun?"

Màmá jókòó sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ ti abẹ, wọ́n sọ ti òwú, wọ́n ṣá ìṣáná kan kí ìjọ lè rí i. Nígbà tí wọ́n dé orí iyọ̀, wọ́n fi eyín já ẹnu rọ́bà náà, wọ́n dà á sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n nà án sí Ìyá Ìjọ. "Ẹ tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Màmá fúnra wọn lá a. Bàbá kan láti ọwọ́ ẹ̀yìn ní, "Ìyẹn ò ní kí n gbà. Ẹni tó se oògùn ló mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀."

Mo ní láti sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn òyìnbó ní Ọ̀rẹ́gùn ni mo wà, èmi ni mò ń yẹ ohun tí wọ́n bá kó wọlé wò, kí n sọ bóyá òun ni àbí òun kọ́. Nínú gbogbo ìjọ yẹn, èmi nìkan ni wọ́n ń sanwó fún láti wo iyọ̀ kí n ní iyọ̀ ni. Bàbá mi yíjú sí mi. Mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Ojú ló ń tì mí: ojú ń tì mí pé Màmá jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ń pàtẹ, pé èmi tí mo kàwé ni wọ́n rí pẹ̀lú irú ìyá bẹ́ẹ̀.

"Bó bá rí báyìí," ni Ìyá Ìjọ wí, "ọmọ mi kò ní padà sí ilé yẹn."

Nígbà náà ni Màmá kúnlẹ̀.

Ìyá Ìjọ tó ọmọ tí Màmá lè bí. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó jẹ́ bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Gbogbo ilé pariwo. "Hà! Ẹ dìde! Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa!" Ìyá Ìjọ fúnra wọn wólẹ̀, wọ́n ń ké pé, "Mi ò fẹ́ èpè, mi ò fẹ́ èpè!" Mojísọ́lá ló sáré lọ gbé Màmá dìde. Èmi wà níbi tí mo wà.

Ìyàwó mi bá mi délé. Àwọn ìjọ gbàdúrà lé agolo náà lórí, wọ́n sì lọ sọ ọ́ sínú kòtò omi ìdọ̀tí. Nínú ọkọ̀, mo bi Màmá léèrè ohun tó dé tí wọ́n fi kúnlẹ̀.

"Kò sí nǹkan tó kù nínú agolo mọ́, Àjàní," ni wọ́n wí. "Orúnkún mi ló kù."

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìjọ kò fẹsẹ̀ tẹ ilé Màmá mọ́. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìkómọ, Ìyá Ìjọ á yẹ̀ sí apá kejì. Màmá kò bínú, wọn ò sì retí kí ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ títí ó fi di orin lẹ́nu wọn: "Kó ṣáà tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan. Kó mọ̀ pé iyọ̀ ni."

Mojísọ́lá ní kí Màmá ṣe òmíràn fún òun. Mo bá àwọn méjèèjì ní ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń yọ́ àbẹ́là, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹgbẹ́. "Ìyàwó ẹlẹ́bọ," ni Màmá ń pè é. Òun náà á dáhùn, "Ìyá aláwo!" A kò bímọ. Ìyá Ìjọ kò sọ pé agolo ló fà á, ṣùgbọ́n ojú wọn ń sọ ọ́. Nígbà tí àìsàn kọlu Mojísọ́lá, tí a ń lọ tí a ń bọ̀ ní ọsibítù, agolo wà nínú báàgì ìyàwó mi. Ó bá obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì rán ẹnu ìrọ̀rí. Kò pẹ́ sígbà náà ni Mojísọ́lá kú.

Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni Ìyá Ìjọ ti gbé ọwọ́ lérí, tí wọ́n ké pé, "Mo sọ ọ́! Mo ní wọ́n ti de ọmọ mi!" Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Màmá jókòó láàárín wa, ọwọ́ wọn lórí àpò. N kò dá Ìyá Ìjọ lóhùn. Mo sọ fún ara mi pé ìyá ń sọkún ọmọ, pé kì í ṣe àkókò. Lẹ́yìn tí wọ́n tú ká, Màmá ni mo kọjú ìbínú sí. Mo ní, "Kí ni agolo yín wá rí ṣe fún un?"

"Kò rí nǹkan kan ṣe," ni wọ́n wí. Wọn ò wá àwíjàre kankan.

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra ní Àgídìngbì. N kò lọ síbi iṣẹ́, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kí mi kú ara fẹ́ra kù. Màmá gba ọkọ̀ wá fúnra wọn. Wọ́n bá mi lórí àga, nínú ṣẹ́ẹ̀tì kan tí bọ́tìnì rẹ̀ ti já tí mo fi píìnì ìwé há.

"Ta ló kú?" ni wọ́n bi mí.

Ó yà mí lẹ́nu. "Mojí ni, Màmá."

"Ṣé ó mú abẹ́rẹ́ lọ?"

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde, ẹkún sì tẹ̀lé e. Wọ́n dúró títí mo fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí agolo wọn, wọ́n na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi, wọ́n ní ojú wọn kò ríran mọ́, kí n bá wọn ki okùn bọ̀ ọ́. Irọ́ ni. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ó pẹ́ kí òwú tó wọlé. Wọ́n ní ó dáa, kí n máa rán an lọ. N kò rán bọ́tìnì rí láyé mi. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n fà á wò, wọ́n tún fà á.

"Ó rí wúruwùru," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ó dúró."

Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú bọ́tìnì náà.

Nígbà tí Màmá kú, bàbá mi yọ agolo lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Bàbá mi tí wọ́n kórìíra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ nù ún, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni wọ́n ní kí n fún," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní o kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí o sọ." Ní tèmi, mo rò pé n kò lè sọ ọ́ mọ́. Mo kàn ń gbé e kiri nínú àpò sòkòtò.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, mo jáde sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì láti wo bóyá ọkọ̀ olókùú ti dé, mo sì rí Ìyá Ìjọ. Wọ́n ti darúgbó. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n di odi mú, ẹsẹ̀ kan wà nínú bàtà, èkejì wà lórí ilẹ̀ gbígbóná. Okùn bàtà wọn ti já. Àwọn èèyàn ń kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ń wò wọ́n. Wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọn kò fẹ́ ké sí ẹnikẹ́ni. Mo mọ ojú tí wọ́n ń ṣe. Ojú obìnrin ilé iṣẹ́ aṣọ nìyẹn.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. "Màmá, ẹ kú ìrìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá."

"Dàpọ̀, fi í sílẹ̀. Màá padà sílé ni."

Mo yọ agolo jáde. Ohun tó le tó láti di bàtà nínú rẹ̀ kò ju rọ́bà táyà lọ. Mo tú u kúrò lára ìdérí, mo fi ìdajì abẹ gé e, mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò, mo sì dè é mọ́ awọ bàtà náà. Bí mo ṣe ń ṣe é, ìdérí ti ṣí. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wà lórí itan mi lójú wọn.

Ìyá Ìjọ tẹjú mọ́ agolo náà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé òun nìyẹn?"

"Irú rẹ̀ ni, Màmá. Tiwọn gan-an nìyí."

"Wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo mú ọ̀pá rọ́bà náà. Iyọ̀ inú rẹ̀ ti dì. Mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ ní Agége, níwájú gbogbo aláṣọ funfun, nígbà tí ó lè wúlò fún ẹni tó ni agolo. "Iyọ̀ ni, Màmá. Iṣẹ́ mi ni. Iyọ̀ ni láti ọjọ́ yẹn."

Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́. Mo fi abẹ la rọ́bà náà, mo gbọ̀n ọ́n sí i. Wọ́n wò ó. Wọ́n gbàdúrà sí i lábẹ́ ètè, wọ́n sì fi ahọ́n kàn án. Mo gbọ́ ọkọ̀ olókùú tó ń fọn fèrè bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Iyọ̀ ni," ni Ìyá Ìjọ wí.

Wọ́n lá èyí tó kù, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, wọ́n sì ní kí n mú àwọn lọ síbi tí wọ́n máa gbé òkú sí. Ojú wọn tutù. Tèmi náà tutù, ṣùgbọ́n ìtìjú kò tán lára mi, nítorí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà wà nínú pósí, kò sì lè gbọ́ mọ́. A rìn wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo fi apá kan gbé Ìyá Ìjọ ró. Ọwọ́ kejì ni mo fi di ìdérí agolo mú kó má baà dà nù, nítorí rọ́bà tó máa ń dè é ti wà lẹ́sẹ̀ wọn.